Láti Orí Ààlè dé Orí Kámẹ́rà: Ìtàn Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ọjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí òwe náà kò dárúkọ: ẹni tí ó dúró láàárín olè àti olóhun, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ilẹ̀ ọjọ́ olè má tilẹ̀ mọ́ rárá. Ìtàn ẹni yẹn ni a gbé wá fún ẹ̀yin òbí wa nílẹ̀ òkèèrè ní ọ̀tẹ̀ yìí.

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà ńlá ní Pendleton ní ìlú Salford, tàbí tí ẹ sọdá odò Irwell sí àárín ìlú Manchester, ẹ ó rí i lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ dúdú ni ó wọ̀, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà ní èjìká rẹ̀, káàdì ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lápá tàbí láyà rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ọmọ ilé wa ni. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tí ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó lè jẹ́ baba ọlọ́mọ mẹ́ta tí ó ti ṣe tíṣà nílé kí ó tó rìnrìn-àjò. Bí a bá kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè níbi ìkómọjáde tàbí ìgbéyàwó pé irú iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀: "Iṣẹ́ sìkiọ́rítì kan báyìí ni." Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá lè má fẹ́ sọ ọ́ níléèwé.

Ìtìjú yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá tú ìtàn iṣẹ́ náà wò, a ó rí i pé iṣẹ́ àgbà ni, tí àwa Yorùbá ti mọ̀ kí a tó mọ súpámákẹ́ẹ̀tì. A ó sì rí i pé ó pẹ́ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́: pé dídá olè lẹ́kun sàn ju fífi ìyà jẹ olè lọ.

Ààlè: ojú tí kì í sùn

Kí òyìnbó tó gbé káńtà dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣọ́ ohun ìní tí olówó rẹ̀ kò sí nítòsí. Àgbẹ̀ tí ó ṣẹ́ igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò lè rù ú tán lọ́jọ́ kan, yóò fi ààlè lé e. Ìyá tí ó ní igi ọsàn lẹ́yìnkùlé yóò so ààlè mọ́ ọn. Kí ni ààlè? Kò ju àkísà, bàtà tí ó ti já, ìgbálẹ̀ tí ó ti jẹ kù, ṣùkù àgbàdo tàbí ìkarahun ìgbín lọ. Lójú àlejò, pàǹtí lásán ni. Lójú ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ni: ohun yìí ní olówó, olówó rẹ̀ kò sí níhìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà níhìn-ín.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, David Doris, ṣe ìwádìí lórí ààlè ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì kọ odidi ìwé lé e lórí, Vigilant Things, tí ó jáde ní ọdún 2011. Ohun kan tí ó tọ́ka sí yẹ kí a ronú lé lórí. Àwọn ohun tí a fi ń ṣe ààlè jẹ́ ohun tí ó ti gbó, tí ó ti bàjẹ́, tí a ti kó dànù, bí ẹni pé a ń fi han olè bí òun fúnra rẹ̀ yóò ti dà bí ó bá fọwọ́ kan ohun olóhun.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ààlè kì í sáré lé olè. Kì í gbá a mú, kì í sì í nà án. Kí ẹni tí ń kọjá lọ tó di olè ni ó ti ń bá a sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ti àwọn tí ń gbé ọjà sí ìkóríta láyé owó ẹyọ, tí wọ́n ń ka òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye rẹ̀ hàn, tí wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ẹni tí ó bá rà á yóò fi owó rẹ̀ sílẹ̀. A kò sọ pé kò sí olè láyé ọjọ́un. Bí kò bá sí olè, kí ni a fẹ́ fi ààlè ṣe? Ìdí nìyẹn tí àwọn olórí ọjà fi wà, tí àwọn pàràkòyí fi ń dá ẹjọ́ àwọn oníṣòwò, tí àwọn ọdẹ sì fi ń ṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n ìdálẹ́kun ni ó ṣáájú. Ìyà ni ó gbẹ́yìn.

Okùn kò dá olè dúró

Ọ̀nà mìíràn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ní ọdún 1699, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní London ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fi àfọwọ́rá mú ọjà tí iye rẹ̀ tó ṣílè márùn-ún kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀rù okùn yóò ba olè. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀. Àwọn ará ìlú tí a yàn láti bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ kò fẹ́ kí a so ènìyàn rọ̀ nítorí ìborùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn a mọ̀ọ́mọ̀ dín iye ọjà náà kù sí ṣílè mẹ́rin àti pẹ́nì mẹ́wàá, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ikú. Bí ìyà bá ti wúwo jù, ọwọ́ adájọ́ a máa gbọ̀n láti lò ó, olè náà a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe òtòṣì nìkan ni òfin yìí bá jà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1799, ní ìlú Bath, wọ́n mú Jane Leigh-Perrot, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ó jẹ́ aya arákùnrin ìyá Jane Austen, òǹkọ̀wé olókìkí nì. Wọ́n ní ó mú léèsì tí owó rẹ̀ tó ogún ṣílè. Oṣù méje ni ó lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní Taunton ní oṣù kẹta ọdún 1800, tí wọ́n sì dá a láre. Ní ọdún 1810, Sir Samuel Romilly dá a lábàá pé kí a mú ìdájọ́ ikú kúrò lórí àfọwọ́rá. Ilé àwọn aṣojú ará ìlú gbà á wọlé. Ilé àwọn ìjòyè kọ̀ ọ́. Ó di àwọn ọdún 1820 kí ikú tó kúrò lórí ẹ̀ṣẹ̀ yìí.

Salford kò gbẹ́yìn nínú ìtàn ìyà yìí. Níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá onígíláàsì dúró sí lónìí nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Salford Central, ẹ̀wọ̀n kan wà níbẹ̀ rí tí à ń pè ní New Bailey. Ọdún 1790 ni wọ́n ṣí i, ọdún 1868 ni wọ́n sì tì í pa. Odidi ọdún 78 ni ó fi ń gba àwọn olè àti àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ mìíràn. Nígbà tí wọ́n tì í, kì í ṣe pé olè tán nílùú. Ẹ̀wọ̀n mìíràn ni wọ́n ti kọ́ sí Strangeways láti rọ́pò rẹ̀.

Láti ẹ̀yìn káńtà dé orí àtẹ

Kí ni ó wá ń dá olè dúró ní Salford láyé ìgbà náà? Bí a bá ka ìwé Robert Roberts, The Classic Slum, tí ó jáde ní ọdún 1971, a ó rí ìdáhùn kan. Ní Salford ni wọ́n bí i ní ọdún 1905, nínú ilé tí àwọn òbí rẹ̀ ti ní ṣọ́ọ̀bù igun òpópónà. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn káńtà ni gbogbo ọjà wà. Oníbàárà yóò béèrè, oníṣọ́ọ̀bù yóò mú un, yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì dì í. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù mọ gbogbo ìdílé tí ó wà ní àdúgbò. Ó mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú obìnrin yẹn ni ààlè. Ọmọ tí ó bá fẹ́ na ọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ̀ pé kí òun tó délé, ìròyìn yóò ti ṣáájú òun débẹ̀.

Ẹnì kan tí ó gbé ní Salford wà lára àwọn tí ó yí èyí padà. Michael Marks ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Júù tí ó ti ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà sá wá. Ó kọ́kọ́ ń kiri ọjà lórí ìrìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń kiri. Ní ọdún 1884, ó tẹ́ àtẹ rẹ̀ sí ọjà Kirkgate ní Leeds. Pẹ́nì kan ni ó ń ta gbogbo ohun tí ó wà lórí àtẹ kan, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dààmú láti béèrè. Ní ọdún 1894, òun àti Thomas Spencer da owó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Marks & Spencer ṣe bẹ̀rẹ̀. Manchester ni ó kó ìdí iṣẹ́ náà wá, ó sì fi Higher Broughton ní Salford ṣe ibùgbé. Ó kú ní ọdún 1907.

Ohun tí ó mú kí ìtàn Marks kàn wá ni àtẹ rẹ̀. Ọjà kò sí lẹ́yìn káńtà mọ́. Ó wà ní gbangba, oníbàárà lè fọwọ́ kàn án, kí ó gbé e, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí mú kí ọjà yá, ṣùgbọ́n ó gbé ọjà dé abẹ́ ọwọ́ afọwọ́rá pẹ̀lú. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìlú London dán ọ̀nà tuntun wò ní Romford ní ọdún 1942: kí oníbàárà fúnra rẹ̀ mú ohun tí ó fẹ́ lórí pẹpẹ, kí ó sì wá sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà yìí gba gbogbo ilẹ̀ Bírítéènì kan. Ohun tí ó dín owó òṣìṣẹ́ kù yìí gan-an ni ó mú ojú ìyá oníṣọ́ọ̀bù kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí ojú ènìyàn dín kù, wọ́n ní láti wá ojú mìíràn. Ẹ̀rọ tí ó ṣáájú nínú èyí kì í tilẹ̀ ṣe nítorí oníbàárà. Ní ọdún 1879, James Ritty, ẹni tí ó ní ilé ọtí ní Dayton ní Amẹ́ríkà, ṣe àpótí owó tí ń ka iye tí wọ́n bá gbà, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń yọ́ owó mú. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Arthur Minasy ní New York gbé ike kékeré jáde tí a ń so mọ́ aṣọ, tí yóò mú kí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ké bí ẹni tí kò sanwó bá gbé e kọjá. Ní ọdún 1967, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta kámẹ́rà fún àwọn ilé ìtajà ilẹ̀ Bírítéènì láti fi ṣọ́ olè. Ẹ wo ike tí a so mọ́ aṣọ yẹn dáadáa. Bí kò bá ṣe ààlè, kí ni à bá pè é?

Ọjọ́ tí kámẹ́rà rí gbogbo rẹ̀

Àdúgbò kan wà ní Salford tí à ń pè ní Hanky Park. Ibẹ̀ ni Walter Greenwood fi ìtàn inú ìwé rẹ̀, Love on the Dole, tí ó jáde ní ọdún 1933, sí. Wọ́n wó àwọn ilé rẹ̀ lulẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì kọ́ ilé gíga gíga àti ọjà ìgbàlódé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Precinct sí agbègbè náà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù igun òpópónà lọ. Àwọn ìyá tí ó mọ ọmọ gbogbo àdúgbò lọ pẹ̀lú wọn.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ọlọ́pàá yìnbọn pa Mark Duggan ní Tottenham ní London. Rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé e tàn dé ìlú mìíràn, ó sì dé Salford àti Manchester ní ọjọ́ 9 oṣù náà. Ní agbègbè Precinct, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ọjà, wọ́n sì dáná sun ilé ìtajà Lidl. Kámẹ́rà wà níbẹ̀. Ó rí ojú wọn, ó sì gbà á sílẹ̀; nípasẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi dé ilé-ẹjọ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kámẹ́rà rí gbogbo rẹ̀, kò sì dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹni tí kò bá ti ní ẹni tí ó ń tì lójú, ojú ẹ̀rọ kò lè dá a lẹ́kun.

Ẹjọ́ kan jáde láti inú rògbòdìyàn náà tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Ìyá ọlọ́mọ méjì kan ní agbègbè Manchester sùn nílé lóru ọjọ́ náà. Kò dé ibi tí wọ́n ti ń kó ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé kó aṣọ dé, ìyá náà sì gba ṣòkòtò péńpé kan nínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù márùn-ún ni ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ dá fún un. Ìgbà tí ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni wọ́n tó dá a sílẹ̀ kí ó lọ fi iṣẹ́ ìlú san án. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ẹni gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òfin Olè Jíjà ti ọdún 1968 ní ilẹ̀ yìí gbà pẹ̀lú wọn: ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni ó pọ̀ jù fún olè jíjà, ṣùgbọ́n ọdún 14 ni ó pọ̀ jù fún ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè.

Iṣẹ́ náà lóde òní

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ẹnikẹ́ni ni ó lè wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ọdún 2001 ni ó dá àjọ Security Industry Authority sílẹ̀, tí a mọ̀ sí SIA. Láti ọdún 2006, ẹ̀ṣọ́ tí ilé-iṣẹ́ aláàbò bá rán lọ ṣọ́ ibòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Kí ó tó rí i gbà, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kí ó gba ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì yẹ ìwà rẹ̀ wò bóyá ó ti dé ẹ̀wọ̀n rí. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un gbà. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò: ẹni tí à ń fojú kéré lẹ́nu ọ̀nà ni ẹni tí ìjọba ti yẹ ìwà rẹ̀ wò.

Agbára ẹ̀ṣọ́ kò ju ti ará ìlú yòókù lọ. Kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí ó bá mú ènìyàn láìnídìí, òun fúnra rẹ̀ lè rojọ́. Nítorí náà, ojú àti ẹnu ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí òun bá kí ẹni tí ó wọlé pé, "Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ fẹ́ ìrànlọ́wọ́?" oníbàárà rere yóò dúpẹ́, ẹni tí ó ní èrò mìíràn lọ́kàn yóò sì mọ̀ pé ojú ti rí òun. Ibi tí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ ni ìṣirò. Ọjà tí ó bá dín kù lórí ìwé lè jẹ́ pé oníbàárà ni ó jí i, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́, ó lè jẹ́ ẹni tí ó kó ọjà wá ni kò kó o pé, ó sì lè jẹ́ àṣìṣe ẹni tí ó kà á. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kúrò ní ẹni tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Irú wọn ni ó ń di olùdarí tí ń bójú tó ilé ìtajà púpọ̀.

Iṣẹ́ eléwu ni pẹ̀lú. Ní ọdún tí ó parí ní oṣù kẹta 2025, ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales kọ ẹ̀sùn àfọwọ́rá 530,643 sílẹ̀, iye tí ó ga jù lọ láti ọdún 2003 tí wọ́n ti ń kà á bẹ́ẹ̀. British Retail Consortium, ẹgbẹ́ àwọn onílé ìtajà, sọ pé olè jíjà ná àwọn ní bílíọ̀nù 2.2 pọ́ùn ní ọdún 2023 sí 2024, àti pé ìkọlù àti èébú tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń rí lóòjọ́ lé ní 2,000. Àwọn tí ń gba èébú yìí sójú ni baba àti ìyá àwọn ọmọ wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ẹ̀ṣọ́ ti tẹ̀ lé kiri inú ilé ìtajà rí nítorí àwọ̀ ara wọn, nígbà mìíràn ẹ̀ṣọ́ tí òun náà jẹ́ adúláwọ̀. Ìwà yìí kò dára, kò sì bọ́gbọ́n mu, nítorí pé bí ojú ẹ̀ṣọ́ bá wà lára aláìṣẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni olè yóò gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí a rántí ààlè. Ààlè kì í wo ojú ẹni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń bá ọmọ ọba àti ọmọ ẹrú sọ. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó ṣe é bí ààlè.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Kí ni ìtàn yìí kọ́ àwa òbí? Okùn kò dá olè dúró, ẹ̀wọ̀n New Bailey kò dá a dúró, kámẹ́rà ọdún 2011 kò sì dá a dúró. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ nílé wa àti ní Salford àtijọ́ jẹ́ ọ̀kan náà: kí ènìyàn mọ̀ pé ohun tí òun ń wò ní olówó, kí ó sì mọ̀ pé òun ní ẹni tí yóò ti ojú òun.

Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ọmọ ọdún 10 lè jẹ́jọ́ ọ̀daràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ń sọ pé bí ọjà kò bá tó 200 pọ́ùn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ọdún 2014 tí wọ́n ń tọ́ka sí sọ irú ilé-ẹjọ́ tí yóò máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò fìgbà kan sọ pé kì í ṣe olè jíjà. Bí bàtà tuntun bá wọlé tí a kò mọ ẹni tí ó rà á, kí a béèrè lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí a má sì gba "ọ̀rẹ́ mi ni ó fún mi" láìwádìí.

Baba tí ó bá sì ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, kí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Kí ó sọ fún wọn pé a kò fi iye olè tí òun mú díwọ̀n iṣẹ́ òun, bí kò ṣe iye ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú èrò búburú, tí ó rí òun, tí ó sì jáde lọ láìfọwọ́ kan nǹkan. Kò sí ẹni tí ó lè ka àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n nínú wọn, ọmọ ẹnì kan wà tí kò dé ilé-ẹjọ́ lọ́jọ́ náà, tí ìyá rẹ̀ sì sùn nílé láìmọ̀ pé ẹnì kan bá òun ṣọ́ ọmọ.

Nígbà tí a ń jáde nílé ní kékeré, ohun tí àwọn òbí wa máa ń wí ni pé, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Ààlè ni gbólóhùn yẹn. Ẹ so ó mọ́ àwọn ọmọ yín lára. Kò sí ilẹ̀kùn tí yóò ké bí wọ́n bá gbé e kọjá, kò sì sí ibi tí wọn yóò dé tí kò ní bá wọn dé.